Ìgbésí Ayé Alúfàá Samuel Johnson, Òpìtàn

Iṣẹ́ olùkọ́ ni Samuel Johnson kọ́kọ́ ṣe kí ó tó di alúfàá. Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ ìtàn rẹ̀.

Ní Hastings, ní ilẹ̀ Sàró, ni a gbé bí i ní ọdún 1846. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni baba rẹ̀, láti ìdílé Aláàfin Abíọ́dún. Ọmọdé ni ó jẹ́ nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ bá iṣẹ́ Ìjọ wá sí Ìbàdàn. Láti 1862 dé 1865 ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti C.M.S. ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn èyí tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn. Ní 1881 ó di olùṣọ́ Ìjọ ní Ọ̀yọ́. Nígbà ogun Kírìjì, òun àti Charles Phillips ni ó ń rìn láàrin àwọn ológun, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886.

Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí ó ń gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà: Baba David Kúkọ̀mí ní Ìbàdàn, àwọn arọ́kin ní Ọ̀yọ́, àti Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, ìlú aládùúgbò Èjìgbò wa. Ní 1897 ó parí ìwé náà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó. Ibẹ̀ ni ìwé náà gbé sọnù. Ní 1901 Johnson kú, kò fi ojú rí i.

Ṣùgbọ́n ó ti fi àkọsílẹ̀ púpọ̀ sílẹ̀. Láti inú wọn ni àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún ìwé náà kọ. Ní 1916 ọkọ̀ Appam gbé e lọ. Àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé. Obadiah náà kú ní 1920. Ìwé jáde ní 1921.

Nínú rẹ̀ a ka Èjìgbò mọ́ àwọn ìlú Ìbọ̀lọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kò lè kó ìtàn gbogbo ìlú tán. Àwọn àgbà wa ń wí pé Akínjọlé ti Ifẹ̀ wá tẹ Èjìgbò dó, àti pé ìfẹ́ iyán ni ó sọ ọ́ ní Ògìyán. Ìlawọ̀ ní tirẹ̀, Ọlá ní tirẹ̀, Másífà ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ní abúlé tí a ó bá rán wa lọ láti kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti kálámù tọ àwọn arúgbó lọ. Kí a sì kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì.