Ìdílé Sara Forbes Bonetta

Sara Forbes Bonetta (nǹkan bí ọdún 1843 – ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1880) jẹ́ ọmọbìnrin Yorùbá láti Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, ẹni tí Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà tọ́. Nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, Ina ni orúkọ tí ó ṣáájú. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ pé Àìná ni, orúkọ àmútọ̀runwá ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé.

Ìgbà èwe

Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Gezo, ọba Dàhọ̀mì, kó Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa bàbá àti ìyá ọmọ náà, wọ́n sì mú òun lẹ́rú lọ sí ààfin. Kò mọ ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ gbà. Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbà á lọ́wọ́ Gezo gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin. Ilà ojú rẹ̀ ni wọ́n fi gbà pé ọmọ ọlọ́lá ni. Ní Àgbádárìgì ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un: Forbes ni orúkọ ọ̀gá náà, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Báyìí ni orúkọ ọkọ̀ ṣe di orúkọ ìdílé fún ọmọ tí ó ti ní ilé bàbá tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìgbéyàwó àti àwọn ọmọ

Ọbabìnrin san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Freetown, ó sì ní kí wọ́n mú un padà wá sí Ìlú Ọba ní ọdún 1855. Nígbà tí James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ará Èkó tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, wá tọrọ rẹ̀, Sara kọ̀. Ó kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó ń pè ní ìyá pé òun kò ní ìfẹ́ ọkùnrin náà lọ́kàn, owó rẹ̀ kò sì tó ìdí láti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ààfin fọwọ́ sí i, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ ní Brighton ní oṣù kẹjọ, ọdún 1862.

Wọ́n bí Victoria ní ọdún 1863, Arthur ní 1871, àti Stella ní 1873. Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ ni ìyá ìsàmì Victoria. Ikọ́ ife ni ó pa Sara ní Funchal, ní erékùṣù Madeira. Ọjọ́ tí Victoria ń lọ kí Ọbabìnrin gan-an ni ó gbọ́ pé ìyá òun ti kú. Davies gbé òpó òkúta kan kalẹ̀ fún ìrántí rẹ̀ ní Ìjọn, níbi oko kòkó rẹ̀.

Àwọn àtọmọdọ́mọ

Victoria fẹ́ Dókítà John Randle. Stella bí Sarah Abigail Ìdòwú fún Herbert Macaulay. Ọmọ-ọmọ Ìdòwú yìí ni Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó gbé àrùn Ebola wọ Nàìjíríà jáde ní ilé ìwòsàn kan ní Èkó ní ọdún 2014. Àrùn náà ni ó pa òun náà, ní ọjọ́ 19, oṣù kẹjọ, ọdún yẹn.