Mungo Park àti Ewéko Kékeré tí ó Rí nínú Aginjù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a bá ní kí a ka orúkọ àwọn òyìnbó tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà mọ̀, orúkọ Mungo Park kò ní gbẹ́yìn. Èmi pàápàá kọ́ ọ ní àkọ́sórí pé òun ni ó ṣe àwárí Odò Ọya. Olùkọ́ wa kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa náà kò sì béèrè. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣe àwárí odò tí àwọn baba ńlá wa ti sọ ní orúkọ, tí wọ́n ti ń tukọ̀ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì ti ń pẹja nínú rẹ̀ kí a tó bí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ odò gùn lónìí. Ọ̀rọ̀ ewéko kékeré kan ni ó mú mi kọ ìtàn ọkùnrin yìí.

Ní ọdún 2022, láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, àwọn olùkọ́ Yunifásítì wà lẹ́nu ìdaṣẹ́sílẹ̀. N kò tí ì pẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Mo padà sí ilé wa ní Mushin, mo ń bá ìyá mi ta ata ní ọjà Ojúwòyè. Nígbà tí oṣù ń gorí oṣù, ó kù díẹ̀ kí n pa ìwé tì, kí n lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn ilé wa ni ògiri kan wà tí ó ti là. Nínú ìlà yẹn ni gbúre kan ti hù, tí ó ń yọ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnìkan kò gbìn ín, ẹnìkan kò sì bu omi rin ín. Bí mo bá ti ọjà dé, èmi a gbé àpótí síbẹ̀, èmi a sì máa wò ó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ta ni yóò gbọ́ pé ọmọkùnrin jókòó ti òdòdó gbúre tí kò ní rẹ́rìn-ín? Nígbà tí a wọlé padà, mo ka ìwé tí Mungo Park kọ nípa ìrìn àjò rẹ̀ ní ibi ìkówèésí. Mo dé ojú ìwé kan, mo sì pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀. Ibi tí òyìnbó náà jókòó sí, mo mọ̀ ọ́n.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1771 ni a bí Mungo Park ní Foulshiels, nítòsí ìlú Selkirk ní ilẹ̀ Scotland. Àgbẹ̀ ni baba rẹ̀, ilẹ̀ ọlọ́lá kan ni ó sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Ọmọ mẹ́tàlá ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun ni ó ṣìkeje. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí ọ̀dọ̀ Thomas Anderson, oníṣègùn ìlú Selkirk, kí ó kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ sí Yunifásítì Edinburgh. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn àti ẹ̀kọ́ nípa ewéko jọ ń rìn ni láyé ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn tiwa títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó la ojú rẹ̀ sí ewé jùlọ ni James Dickson, ọkọ ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin. Ológbà ni Dickson, ó sì ń ta irúgbìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ewéko wínníwínní tí kì í yọ òdòdó rárá ni ó yàn láàyò, irú èyí tí ó máa ń bo ara àpáta, ara igi àti ara ògiri lákòókò òjò, tí àwa máa ń fi bàtà tẹ̀ kọjá. Ó mú Park dání lọ sí orí àwọn òkè Scotland láti wá ewé. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kọ́ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ohun tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Dickson yìí kan náà ni ó mú un mọ Joseph Banks, gbajúmọ̀ onímọ̀ ewéko. Ní ọdún 1793, Park bá ọkọ̀ lọ sí Sumatra gẹ́gẹ́ bí igbákejì oníṣègùn. Nígbà tí ó dé, ó kọ ìwé nípa ẹja mẹ́jọ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ kò tí ì mọ̀.

ÌRÌN ÀJÒ ÀKỌ́KỌ́

Ẹgbẹ́ kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1788 tí ó fẹ́ mọ inú ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ti rán Daniel Houghton ṣáájú, ó sì kú sí ọ̀nà. Park ni wọ́n rán tẹ̀ lé e. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1795 ni ó wọkọ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí etí odò Gambia ní oṣù Kẹfà. Ó dúró ní Pisania láti kọ́ èdè Mandinka, kí ó tó mú ọ̀nà pọ̀n ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1796, àwọn ènìyàn Ali, ọba Ludamar, mú un ní ìgbèkùn. Wọ́n so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ibi tí ó ń sùn láti fi ṣe ẹlẹ́yà. Ebi pa á, òùngbẹ gbẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti màlúù fi jọ mu omi nínú ọpọ́n kan náà. Wọ́n gba Demba, ọmọkùnrin tí ó ń bá a rìn, láti sọ ọ́ di ẹrú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ni ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, òun nìkan pẹ̀lú ẹṣin tí ó ti rù kan eegun.

Kí oṣù náà tó parí, ó dé Segu, ó sì rí odò tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Joliba, tí àwa ń pè ní Ọya, tí ó ń ṣàn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Mansong, ọba Segu, kò gbà á sí ìlú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún owó ẹyọ ni ó fi ránṣẹ́ sí i pé kí ó máa lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹnìkan kò fẹ́ gbà á sílé, obìnrin kan ni ó fún un ní ẹja jẹ àti ẹní sùn, tí àwọn obìnrin tí wọ́n ń rànwú sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọrin àánú. Nígbà tí ó dé Silla, òjò ti dé, agbára ti tán, ó sì yí padà.

ỌJỌ́ KẸẸ̀Ẹ́DỌ́GBỌ̀N OṢÙ KẸJỌ

Ní ọjọ́ yìí ní ọdún 1796, bí ó ti kúrò ní Kooma, àwọn ọlọ́ṣà dá a lọ́nà. Wọ́n gba ẹṣin rẹ̀, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n sì yẹ ara bàtà rẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni ìjánu tí ó ti já ni ó fi so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀. Èyí tí ó burú jù nínú ẹ̀wù rẹ̀ àti ṣòkòtò kan ni wọ́n jù padà sí i, pẹ̀lú akẹtẹ̀ rẹ̀. Inú akẹtẹ̀ náà ni ó kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí.

Wọ́n lọ, ó jókòó. Òjò ń rọ̀ lákòókò náà, ẹranko búburú wà nínú igbó, ibi tí ó ti lè rí òyìnbó bíi tirẹ̀ sì jìn tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ibùsọ̀. Ó rò ó títí, kò rí ohun tí ó kù ju pé kí ó dùbúlẹ̀, kí ó sì kú.

Bí ó ti jókòó bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sí ara ewéko kékeré kan, irú èyí tí Dickson fẹ́ràn, tí kò tóbi ju orí ìka kan lọ. Ó ń so lọ́wọ́. Park wo gbòǹgbò rẹ̀, ó wo ewé rẹ̀, ó wo èso rẹ̀, ẹwà rẹ̀ sì yà á lẹ́nu láàárín ìpọ́njú náà. Ó wá rò ó pé Ẹni tí ó gbin irú ohun tí kò já mọ́ nǹkan báyìí sí ibi tí ojú kò tó, tí ó fún un lómi, tí ó sì mú un pé, kò lè fi ojú àìbìkítà wo ẹ̀dá tí Òun dá ní àwòrán ara Rẹ̀. Ó dìde, ó ń lọ. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ni ó dé Sibidulu, tí olórí ìlú náà fi í lọ́kàn balẹ̀, tí ó sì rán ènìyàn lọ wá ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹṣin àti aṣọ rẹ̀ padà bọ̀. Ní Kamalia ni àìsàn ti dá a dúró, tí Karfa Taura sì tọ́jú rẹ̀ fún oṣù méje. Ó padà dé Pisania ní oṣù Kẹfà ọdún 1797. Ewé ni ó gbé e dìde, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú ni ó gbé e délé. Kò yẹ kí a sọ ọ̀kan kí a gbàgbé èkejì.

Àwa Yorùbá mọ ewé ẹ̀rọ̀. A mọ ọ̀dúndún, a mọ rinrin, a mọ tẹ̀tẹ̀, a sì mọ̀ pé wọ́n ń tu orí tí ó gbóná lára. Ṣùgbọ́n Park kò já ewé tirẹ̀, kò gún un, kò sì mu omi rẹ̀. Wíwò lásán ni ó wò ó, ara sì rọ̀ ọ́.

ÌRÌN ÀJÒ KEJÌ

Ní ọdún 1799, ìwé rẹ̀ jáde, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ó fẹ́ Allison, ọmọ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú Peebles. Ṣùgbọ́n odò náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní ọdún 1805, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán an padà, kì í sì í ṣe òun nìkan mọ́. Òyìnbó tí ó bá a lọ tó ogójì, sójà ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Òjò àti ibà pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé etí odò ní oṣù Kẹjọ, díẹ̀ ni ó kù. Ní oṣù Kẹwàá, Alexander Anderson, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, kú ní Sansanding. Ní oṣù Kọkànlá, Park àti òyìnbó mẹ́rin wọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ ògbólógbòó méjì kàn pọ̀, pẹ̀lú ìbọn rẹpẹtẹ.

Ó ti pinnu pé òun kò ní gúnlẹ̀ mọ́. Amadi Fatouma tí ó ṣe afinimọ̀nà wọn ròyìn pé wọ́n yìnbọn fún àwọn tí ó fi ọkọ̀ súnmọ́ wọn lójú odò, àwọn ènìyàn sì kú. Báyìí ni wọ́n ṣe dé Bùsà ní ilẹ̀ Ìbàríbá ní ọdún 1806. Ibi tí àpáta ti há odò mọ́ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ́ sómi, Park sì bá omi lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn sọnù. Lónìí, Bùsà àtijọ́ wà ní abẹ́ adágún Kàǹjì, láti ìgbà tí a ti sé odò náà ní ọdún 1968.

OHUN TÍ MO RÍ KỌ́

Mo ti rò ìtàn yìí síwá-sẹ́yìn. Ọkùnrin kan náà ni ó rìn nígbà méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, ojú rẹ̀ sì tó ilẹ̀ débi tí ó fi rí ohun tí kò tó orí ìka. Nígbà kejì, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí kò lè gúnlẹ̀ kò lè rí ohun tí ó hù sí etí omi.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbúre kò ṣí ilẹ̀kùn Yunifásítì fún mi ní ọdún 2022, kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó ata. Ohun tí ó ṣe ni pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo wò ó, mo fi ìpinnu láti pa ìwé tì sílẹ̀ di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ni mo sún títí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi wọlé. Bí ẹ bá ń sáré kọjá ní Akọka, tí ìdánwò àti owó ilé ń lé yín, ẹ bojú wo ìdí ògiri. Ẹ dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dìde bí Park ti dìde, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.