Walt Disney: Ọkùnrin tó fi àwòrán mú àgbàlagbà sunkún

Ní alẹ́ ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 1937, omijé bọ́ lójú àwọn gbajúmọ̀ òṣèré Hollywood nínú ilé sinimá Carthay Circle, ní Los Angeles. Ènìyàn kankan kò kú. Àwòrán lásán ni wọ́n ń wò: Snow White nà gbalaja, àwọn aràrá tó gbà á sílé sì kúnlẹ̀ tì í, wọ́n ń ṣọ̀fọ̀.

Walt Disney, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Chicago lọ́dún 1901, ló ṣe fíìmù náà. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ti fi í ṣe tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò jókòó ti àwòrán fún ìṣẹ́jú 83? Síbẹ̀, ó ná nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là sí i, ó tún yáwó ní báńkì. Ẹkún alẹ́ ọjọ́ náà ló dá wọn lóhùn.

Kò pẹ́ tí ọ̀fọ̀ gidi fi wọlé tọ̀ ọ́. Lóṣù Kọkànlá, ọdún 1938, ìyá rẹ̀, Flora, kú nínú ilé tí òun àti Roy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún àwọn òbí wọn. Afẹ́fẹ́ olóró láti inú ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ló pa á. Disney kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Lọ́dún 1942, Bambi jáde, nínú èyí tí ọdẹ ti yìnbọn pa ìyá ọmọ àgbọ̀nrín. Àwọn kan so ikú méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí Bambi kí Flora tó kú. Inú ìwé Felix Salten ni ìtàn náà sì ti wá. Fíìmù náà kò fi òkú ìyá náà hàn rárá. Ìró ìbọn dún, yìnyín ń bọ́, ọmọ ń pe ìyá rẹ̀ kiri.

Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Disney lọ́jọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1966, lẹ́ni ọdún 65.