Ìrìn-àjò Fágúnwà sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Òkè-Igbó ni a gbé bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní ọdún 1903. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Andrew, ní Ọ̀yọ́, nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni òun tí ń rán ọdẹ lọ sí igbó ẹlẹ́rù bọ́ sí ìrìn-àjò tirẹ̀: ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gbé ibẹ̀ títí di 1948. Ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀ ìbá fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ó kọ̀, ó fi Yorùbá kọ ọ́ sínú Ìrìnàjò, apá kìíní ní 1949, apá kejì ní 1951. Ẹni tí kò lè san owó ọkọ̀ òkun bá a dé Ìlú Ọba láti orí ẹní rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1963, lẹ́nu ìrìn-àjò mìíràn, ó kú sí odò ní Wúyà, lẹ́bàá Bídà.