Samuel Àjàyí Crowther, baba tó ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Ìdáàṣà, bí a bá bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé kí ló ṣe lánàá, yóò ní iṣẹ́ ni. Bí a bá tún bi í pé wákàtí mélòó ló lò sórí iṣẹ́ wo, yóò dákẹ́. Ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Lónìí a fẹ́ sọ ìtàn baba kan tí kì í jẹ́ kí ọjọ́ òun lọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní apá Ìsẹ́yìn, lójú ọ̀nà ìlà oòrùn wa. Ní 1821 ogun wọ ìlú náà, wọ́n sì kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́rú. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà kan, ẹṣin ni wọ́n fi í pààrọ̀. Nígbẹ̀yìn ó dé Èkó, àwọn Potogí rà á, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà lórí òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kàwé. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, ó sì di olùkọ́ bí tiwa.

Ẹgbẹ́ CMS tó gbà á síṣẹ́ ní àṣà kan: kí òṣìṣẹ́ máa kọ ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí London. Lójú wa, ó lè dà bí ẹrù. Àjàyí sọ ọ́ di ìṣe. Ní 1841 ó bá àwọn ọkọ̀ mẹ́ta kan wọ Odò Ọya. Ibà dé. Nínú òyìnbó bíi 145 tó wà níbẹ̀, ó lé ní 40 tó kú. Láàárín àìsàn yẹn, Àjàyí ṣì ń kọ: ọjọ́, ibi tí ọkọ̀ dúró sí, ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ẹni tó kú. Ní 1842 wọ́n tẹ ìwé ìrántí náà jáde.

Ó di àlùfáà ní 1843. Ní 1845 ó dé Badagry, tí kò jìnnà sí Porto-Novo wa, ó sì dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Ó wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ìyá rẹ̀, Àfàlà, wá bá a. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn! Ṣé ẹ rí i? A mọ ọjọ́ yẹn gan-an nítorí pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn baba tiwa náà sá gun àwọn òkè wa yìí nígbà ogun Dànhọ̀mẹ̀. A lè fi ihò àpáta tí wọ́n sá sí han ọmọ wa. Ta ló lè sọ ọjọ́ tí wọ́n sọ̀kalẹ̀?

Ní 1862 iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Àwọn ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń ṣà jọ lẹ́nu àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo rẹ̀ di eérú. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé ìrántí tó ti fi ránṣẹ́ kò jóná, nítorí pé wọn kò sí nílé. Wọ́n wà ní yunifásítì Birmingham títí di òní.

Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan dé sí Odò Ọya, wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ́ baba náà ní 1890. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Àwọn onítàn, J. F. Adé Àjàyí wà lára wọn, lọ ka àwọn ìwé yẹn, wọ́n sì jẹ́ kí ayé mọ bí baba náà ti ṣiṣẹ́ tó. Ní 2014, ìjọ Áńgílíkà ṣe ìsìn ìrònúpìwàdà ní Canterbury nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Àwa tó ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n kọ ọjọ́ wọn sínú kàyé fún ọjọ́ méje. Ìlà kan fún iṣẹ́ kan, báyìí: 5h40 sí 6h50, omi. 7h00 sí 7h30, ilẹ̀ gbígbá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kan ṣírò tirẹ̀: omi àti igi ìdáná ń gba wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, nínú ilé kan náà, òdo. Ó gbé kàyé náà lọ bá bàbá wọn. Kò jà, kò sunkún. Ó kà á ni. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n náà ń gbé bídọ́ọ̀nù.

Ẹni tó ní tẹlifóònù lè kọ ọ́ síbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà lásán, láìsí àwòrán, láìsí àwọ̀. Kò wúwo, tẹlifóònù tó kéré jù náà á ṣí i, ẹ sì lè fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Cotonou. Ẹ má gbàgbé iná Èkó o: ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, nígbà tí ẹ bá jí. Ìlà àkọ́kọ́ kò ju aago tí ẹ jí lọ. Ó dìgbà kan ná.