Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà àti Ètò Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́

Ní ìlú Awà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni a bí Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà ní ọdún 1913. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó yàn láàyò, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó sì fẹ́ràn jù láti máa kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mọ́lúsì sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1949, òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó bọ́ sínú òṣèlú, nígbà tí ó sì di ọdún 1952, a fi í ṣe Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà.

Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá lówó lọ́wọ́ ni ó ń rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ń yan ọmọ kan ṣoṣo láti kàwé, tí àwọn yòókù a sì máa bá a lọ sí oko. Àwọn ọmọbìnrin ni ó sì ń pàdánù jù. Ọdún 8 gbáko ni ọmọ ń lò kí ó tó jáde ìwé mẹ́fà, nítorí ọdún 2 ni yóò kọ́kọ́ fi wà ní kíláàsì àwọn ọmọdé. Bí owó bá tán lágbedeméjì, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn.

Ní oṣù Keje ọdún 1952, Awókọ̀yà gbé ìlànà tuntun síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sí ohun kánjúkánjú tí ó jẹ́ pé ogun nìkan ni a lè fi ṣáájú rẹ̀. Ìlànà náà ni pé, láti oṣù Kìíní ọdún 1955, ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 6 yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ láìsan kọ́bọ̀, ọdún 6 ni yóò sì lò níbẹ̀ dípò 8. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ní láti kọ́ ilé, kí a sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò di olùkọ́.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè gbé ọmọ kúrò lóko. A kò fi dandan mú òbí kankan, nítorí náà àlàyé ni Mínísítà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti fi yí wọn lọ́kàn padà. Ìbéèrè àwọn òbí kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Ta ni yóò máa ro oko bí gbogbo ọmọ bá lọ kàwé? Báwo ni ọdún 6 yóò ṣe kọ́ ọmọ ní ohun tí ọdún 8 ń kọ́ ọ? Bí ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni a ń san owó-orí tuntun sí?

Èsì tí ìjọba fi fún wọn yé ẹni tí ó bá fara balẹ̀. Bí a bá dín ọdún 2 kù, owó tí a ń ná lórí ọmọ díẹ̀ yóò tó ná lórí ọ̀pọ̀ ọmọ. Ìwé mẹ́fà kò sì ní jẹ́ òpin mọ́, nítorí a ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dàn sílẹ̀, níbi tí ọmọ tí kò lè lọ sí gíramà yóò ti lo ọdún 3 sí i. Láti ibẹ̀, ó lè lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ owó-orí ni ó le jù. Ṣílè 10 àti sísì tí a bù fún ẹ̀kọ́ àti ìlera bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Nígbà tí a dìbò sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ Action Group tí ó ń ṣèjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn rí àga 18 péré nínú 42. Síbẹ̀, wọn kò yí ètò náà padà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pé 460,000. Ní ọdún yìí wọ́n lé ní 811,000. Àwọn òbí tí ó ti ń ráhùn ni ó fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá.

Ìṣòro kò ṣàì sí. Ọmọ pọ̀ ju olùkọ́ tí ó gbó nínú iṣẹ́ lọ, àwọn ènìyàn sì ń kùn pé ẹ̀kọ́ ti rẹlẹ̀, títí tí ìjọba fi yan ìgbìmọ̀ Banjo láti yẹ ọ̀ràn náà wò. Ní ọdún 1961 ni ó jábọ̀. Ìbẹ̀rù tí àwọn òbí ní nígbà àlàyé kì í ṣe asán pátápátá.

Awókọ̀yà fi ipò Mínísítà sílẹ̀ ní ọdún 1956. Lẹ́yìn náà ó bá àjọ UNESCO ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì kú ní ọdún 1985. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Awókọ̀yà kò fẹ́ kí owó ya ọmọ kan kúrò lára èkejì ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ó sì fara da ìbínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ fún kí èyí lè ṣeé ṣe.