Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson àti Ọ̀ràn Oyè nínú Ìjọ

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà ìjọ wa ní Ajílété, àti ní gbogbo ẹ̀bá Ìlaròó: oyè tí a ń fi ènìyàn jẹ nínú ìjọ, òun ha kọ́ ni ó ń ṣi ìjọ lọ́nà bí? Àwọn kan ní bí kò bá sí bíṣọ́ọ̀bù, tí kò sí alábòójútó, tí kò sí wọ́dìnnì, Ẹ̀mí Mímọ́ ìbá ráyè ṣiṣẹ́ láàárín wa. Àwọn mìíràn ní agbo tí kò ní olùṣọ́, ìkookò ni yóò jẹ ẹ́ tán. A kò fẹ́ fi ẹnu lásán dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọkùnrin kan tí ó jìyà lọ́wọ́ àwọn tí ó joyè lé e lórí, tí òun náà sì joyè tí ó mú kí àwọn ẹlòmíràn sunkún.

Ní nǹkan bí ọdún 1836 ni a bí James Johnson ní ilẹ̀ Sàró. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ìjẹ̀bú ni ìyá rẹ̀. Wọ́n wà lára àwọn tí a kó lẹ́rú tí a sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Ó kàwé ní Fourah Bay, ó ṣe olùkọ́, a sì fi í jẹ díákónì ní 1863. Ní 1874 Ẹgbẹ́ C.M.S. rán an wá sí Èkó, sí ìjọ St. Paul's, Breadfruit. Johnson Mímọ́ ni àwọn ènìyàn ń pè é, nítorí ó kọ́kọ́ le mọ́ ara rẹ̀ kí ó tó le mọ́ ẹlòmíràn. Ní ti èyí, kò sí ẹni tí ó lè nàka àbùkù sí i.

Ní 1876 Ẹgbẹ́ náà fi í ṣe alábòójútó àwọn ìjọ ilẹ̀ òkè, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Kò ì tíì sí aláwọ̀ dúdú tí a fún ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí àwọn ìjọ náà. Òfin sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Ó bu owó kíláàsì sókè. Ó dojú kọ àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n fẹ́ ju aya kan lọ. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tí wọ́n ní ẹrú má ṣe ní ẹrú mọ́. Ta ni yóò sọ pé àṣẹ ti ẹrú náà kò tọ́? Ọmọ àwọn tí a tà ni ó pa á. Ṣùgbọ́n ó pa á bí ajẹ́lẹ̀ ti ń pàṣẹ, àwọn baba wa ní ẹkùn Yewa sì mọ ohun tí ajẹ́lẹ̀ jẹ́, níwọ̀n bí Onísàré Ìjánnà ti ṣe ojú Aláàfin lára wọn pẹ́. Àwọn ìjọ kùn. Àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí kò wù láti wà lábẹ́ aláwọ̀ dúdú sì rí ibi gbà wọlé. Ní 1880 a mú un kúrò, ó padà sí Breadfruit. Lójú tiwa, ìwà àìtọ́ ni àwọn òyìnbó náà hù, ẹjọ́ àwọn ará ìjọ sì tún ní ìdí. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther dé. Láti 1864 ni ó ti wà lórí oyè. Ní 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó inú ìgbìmọ̀ kan dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró ní ìṣojú rẹ̀, bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù kò sí níjòókòó. Arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ ọ̀hún sílẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù December, 1891. Òyìnbó ni a fi rọ́pò rẹ̀, Hill lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Tugwell. Olùrànlọ́wọ́ ni a fi Olúwọlé àti Phillips ṣe. Johnson kò dákẹ́. Ó ní ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà ní dáyọ́sìsì tirẹ̀. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, olùrànlọ́wọ́ náà ni, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1901 ni ó yẹ kí àwọn tí ń bèèrè yìí fi ara balẹ̀ gbọ́. Tugwell mú kí Johnson fi ilé àlùfáà Breadfruit sílẹ̀, lọ́nà tí ìjọ kà sí ìwọ̀sí gidigidi. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n kọ̀wé, a kò gbọ́ tiwọn. Ní oṣù October ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn dìde, wọ́n jáde, J. K. Coker, wọ́dìnnì wọn, wà lára àwọn aṣáájú. Kí ọdún tó parí wọ́n ti dá Ìjọ Áfíríkà ti Bẹ́tẹ́lì sílẹ̀. Nítorí Johnson ni wọ́n ṣe jáde, wọ́n sì retí rẹ̀. Kò wá. Àwọn kan pè é ní ojo. A kò rò bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ti kojú òyìnbó láti ọjọ́ yìí wá kì í ṣe ojo. Ó dàbí ẹni pé lójú rẹ̀ ìjọ Ọlọ́run tóbi ju bíṣọ́ọ̀bù kan tí ó ṣi àṣẹ lò.

Àwọn tí ó jáde ńkọ́? Wọ́n ti fi bíṣọ́ọ̀bù òyìnbó sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn àṣẹ bá wọn lọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi pín sí Bẹ́tẹ́lì àti Sálẹ́mù, nítorí ẹni tí yóò máa darí: àlùfáà ni, tàbí àwọn baba ìjọ tí ń ná owó sí i?

Ẹkùn Delta ni Johnson ti lo ìgbà ogbó rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ìmúlọ́kànle lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí ní 1912, Garrick Braide, ará Bakana. Nígbà tí ó di 1915, Braide ń wàásù, ó ń gbàdúrà fún aláìsàn, àwọn ènìyàn ń dáná sun òrìṣà wọn, wọ́n sì ń kọ ọtí òyìnbó sílẹ̀. Ọtí yìí kan náà ni Johnson ti bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìborí! Kò sí oyè kankan lórí Braide. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Èlíjà Kejì, a sì gbọ́ pé wọ́n ń wá omi tí ó fi wẹ̀ ṣe oògùn. Kí ẹni tí ó rò pé àìsí oyè ni ó ń dáàbò bo ìjọ kíyè sí èyí. Johnson dá a lẹ́bi, ó sì wá ìrànwọ́ ìjọba láti dá a dúró. Ní ti ìkìlọ̀, iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ni ó ṣe. Ní ti ìjọba, ó ṣòro fún wa láti gbè é. Owó orí ọtí ń dín kù, ogun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba sì ní ìbẹ̀rù tirẹ̀.

Ní 1916 a mú Braide, a sì fi í sẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kò padà sábẹ́ Johnson. Ní ọdún náà ni wọ́n dá Christ Army Church sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson kú ní oṣù May, 1917, lẹ́ni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Braide kú ní 1918.